10GB tó ń tó mi lò fún oṣù kan tẹ́lẹ̀ kì í ju ọjọ́ 11 lọ mọ́, ẹ gbà mí o

Ìyá Fèyí Télọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Òṣogbo ni mo wà, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, orí WhatsApp ni gbogbo kọ́sítọ́mà mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi sítáì ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ náà lèmi náà ti ń fi aṣọ tó bá ti parí hàn wọ́n, torí náà kí ẹnì kankan má sọ fún mi pé kí n pa dátà, tí mo bá pa á ebi á pa wá nílé. 10GB olóṣù ni mo máa ń rà. Tẹ́lẹ̀ tí mo bá ti rà á báyìí ó máa ń tó ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ìgbà míì gan-an ó máa ń ṣẹ́kù kí n tó ra òmíì lé e. Láti bí oṣù méjì sí ìsinsìnyí, ọjọ́ mọ́kànlá, ó ti tán! Mo máa jí láàárọ̀ ni wọ́n á ti fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ pé mo ti lo 80%. Kí ni mo lò? Mi ò wo fíìmù, mi ò gbá géèmù.

Mo pe 300, nọ́ńbà ilé iṣẹ́ netiwọ́ọ̀kì mi, ọmọbìnrin tó gbé e ní àkọsílẹ̀ àwọn fi hàn pé èmi náà ni mo lò ó. Mo fi ìbínú ra síìmù ilé iṣẹ́ míì, mo ra 10GB síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́tàlá péré. Ọkọ mi ní TikTok ni, bẹ́ẹ̀ mi ò tiẹ̀ ní TikTok lórí fóònù yìí. Owó ẹ̀ náà kì í ṣe kékeré mọ́ o, láti January 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ netiwọ́ọ̀kì, ti gbà wọ́n láyè láti fi tó 50% lé owó, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù ni mò ń rà á wàyí, owó òwú àti sípù mi ló ń bá a lọ.

Gbogbo ohun tí mò ń fi dátà ṣe nìyí: WhatsApp, YouTube díẹ̀ tí mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé corset, Facebook lálẹ́ kí n tó sùn. Àbúrò ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ máa ń gba hotspot lọ́wọ́ mi, ìyẹn ni pé ó ń lo dátà fóònù mi, nírọ̀lẹ́ láti fi wo ímeèlì bóyá wọ́n ti pè é síṣẹ́, ìyẹn ò sì ju ìdajì wákàtí lọ. Kò sí nǹkan míì mọ́. Ṣé wọ́n ń jí i ni àbí fóònù mi ló ń ṣàìsàn?

Elẹ́mu Ọmọ Olóko

Olè ni wọ́n! Ẹ wò ó, 2GB ni mo rà lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, mo ki fóònù bọ àpò agbádá mo lọ sóde ìsìnkú, mi ò fọwọ́ kàn án, kí n tó jẹ àmàlà tán kí n sì fọwọ́ mo bá 900MB níbẹ̀. Ta ló jẹ ìyókù? Àfi tó bá jẹ́ pé fóònù náà jẹ nínú àmàlà. Ìyá Fèyí, ẹ gbé fóònù yín padà sí 3G, 4G yìí ló ń jẹ dátà bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu.

Bọ̀dá Fóònù Ìwó Road

Ẹ̀gbọ́n Elẹ́mu, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 4G yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Garawa kan náà ni, ẹ̀rọ omi ló yàtọ̀. Fídíò tó bá jẹ́ 50MB, 50MB náà ló máa jẹ́ lórí 3G àti lórí 4G, kìkì pé 4G á tètè gbé e wá. Ibi tí wàhálà ti ń wọlé ni pé YouTube àti Facebook, tí wọ́n bá ti rí i pé netiwọ́ọ̀kì yín le, àwọn fúnra wọn á gbé fídíò náà sókè sí èyí tó mọ́ kedere jù, ìyẹn ló sì ń wúwo. Ẹ lè dá a padà sí 360p, ìyẹn èyí tí kò mọ́ jù, láìfọwọ́ kan 4G rárá. Tí ẹ bá lọ padà sí 3G ẹ kàn fìyà jẹ ara yín ni, fọ́tò kọ́sítọ́mà á máa yí po bí ẹni ń wá ilé.

Ìyá Fèyí, ẹ má tíì pariwo olè. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé irú ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi ní Ìwó Road níbí, wọ́n á ní kí n wẹ fóònù mọ́ bóyá kòkòrò ló wà níbẹ̀, ohun tí mo sì kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé mo máa bi fóònù náà fúnra ẹ̀ léèrè, torí ó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ ibi tí wọ́n kọ Network & internet sí (ti àwọn fóònù kan Connections ni, ti òmíì SIM & network), ẹ wá Data usage. Ẹ máa rí orúkọ áàpù kọ̀ọ̀kan àti iye tó ti jẹ, èyí tó jẹ jù ló máa wà lókè. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo déètì tó wà lókè ibẹ̀, torí ọ̀pọ̀ fóònù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ọjọ́ kẹtàlá lẹ ra tiyín, ẹ wọ ibi tí wọ́n kọ cycle sí kẹ́ ẹ fi sí ọjọ́ tí ẹ rà á gan-an. Ẹ wá kọ ohun tí ẹ bá rí síbí, pàápàá jù lọ tí ẹ bá rí ohun tó jọ Hotspot tàbí Tethering nínú ẹ̀.

Kọ́pà Ṣakí

Ẹ tan Lite mode inú Chrome, ó máa ń dín dátà kù.

Bọ̀dá Fóònù Ìwó Road

@Kọ́pà Ṣakí, Google ti yọ ìyẹn kúrò láti 2022 o. Tó bá jẹ́ bùráúsà tó ń dín dátà kù lẹ fẹ́, Opera Mini ṣì wà.

Ìyá Fèyí Télọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó. Mo ti ṣe é bẹ́ ẹ ṣe wí, mo fi sí ọjọ́ tí mo rà á. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

Hotspot & tethering 4.7GB
Facebook 2.1GB
WhatsApp 1.6GB
YouTube 0.9GB
Play Store 0.3GB

Hotspot kẹ̀?? 4.7GB! Ìdajì dátà mi! Mo wò ó títí ojú mi ń ṣú. Ẹni tó ní ímeèlì lòun ń wò! Ímeèlì wo ló wúwo tó yẹn, ṣé ọkọ̀ ni wọ́n dì sínú ẹ̀ ránṣẹ́ sí i? Mo ti fẹ́ lọ bá a nínú yàrá ẹ̀ ni mo rántí pé ìyàwó ilé ni mí. Mi ò lè la ojú kí n pe ọmọ ilé lólè. Àní Akọ̀wé ni mò ń pè é láti ìgbà tí mo ti wọlé, mi ò pe orúkọ ẹ̀ rí. Tí mo bá sọ ọ́ níṣọkúsọ, lọ́la ìyá wọn á gbọ́ nílé pé mò ń ka dátà fọ́mọ àwọn lọ́wọ́.

Elẹ́mu Ọmọ Olóko

Ẹn-ẹ́n! Mo ní olè ni, kìkì pé mi ò mọ ilé tí olè wà 😂

Kọ́pà Ṣakí

Àǹtí, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ n bi yín. Ẹ ní oṣù méjì ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo ni bọ̀dá náà ti àgùnbánirọ̀ dé? Fóònù ló fi ń gba hotspot náà àbí láptọ́ọ̀pù?

Ìyá Fèyí Télọ̀

Ó ti ń lọ sí oṣù méjì tó dé. Láptọ́ọ̀pù ni. Ah.

Kọ́pà Ṣakí

Mo mọ̀! Ẹ má bá a jà o, ó ṣeé ṣe kóun náà má mọ̀ rárá. Ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ ní camp, mo ra 5GB mo so láptọ́ọ̀pù mọ́ fóònù láti fi fi CV ránṣẹ́, mo lọ jẹun, mo dé, ó ti tán, CV ọ̀hún ò tíì lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé láptọ́ọ̀pù Windows ò mọ̀ pé fóònù ẹnìkan ni hotspot yẹn. Lójú tiẹ̀ Wi-Fi ni, Wi-Fi sì ni Wi-Fi, bíi ti ilé àwọn olówó tí dátà kì í tán. Bó bá ti wọlé tán á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé update tó ti ń dúró de láti ọjọ́ pípẹ́ sílẹ̀, OneDrive á máa kó fọ́tò àti fáìlì lọ pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, antivirus á máa gba tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀ á máa ka ímeèlì oníwọ̀nba, kò ní rí nǹkan kan. Àti pé tó bá ti fi password pamọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìgbàkúgbà tí hotspot yín bá ti ń tàn tí láptọ́ọ̀pù náà sì wà nítòsí, ó máa ń wọlé fúnra ẹ̀ ni, ì báà jẹ́ pé bọ̀dá ti sùn.

Àtúnṣe ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kó so láptọ́ọ̀pù mọ́ hotspot yín, kó tẹ àmì Wi-Fi, kó wọ Properties orúkọ hotspot náà, ó máa rí Metered connection níbẹ̀, kó tàn án. Ìyẹn ni pé ó ń sọ fún Windows pé dátà tí wọ́n ń kà lówó lọ́wọ́ nìyí, kó rọra. Ọ̀pọ̀ update á dúró de ìgbà tó bá rí Wi-Fi gidi. Tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa kó tún lọ sí Windows Update kó tẹ Pause, kó sì pa sync OneDrive. Tó bá fẹ́ mọ ohun tó jẹ 4.7GB yẹn, Data usage wà nínú Settings láptọ́ọ̀pù náà, ó máa ń fi ti ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn hàn. Tẹ́ ẹ bá rí System lókè pátápátá, update nìyẹn.

Màmá Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ìyá Fèyí, ọmọ mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ. Àwọn ọmọ yìí ti sọ ti ẹ̀rọ, jẹ́ n sọ ti ilé. Má lọ bá a pẹ̀lú 4.7GB lẹ́nu. Gbé fóònù ẹ lọ bá a bí ẹni tó fẹ́ gba ìmọ̀ràn, sọ pé Akọ̀wé mi, ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ bá mi wo nǹkan tó ń jẹ dátà yìí, wọ́n ní láptọ́ọ̀pù náà máa ń jẹ ẹ́ láìjẹ́ kí olówó ẹ̀ mọ̀. Òun fúnra ẹ̀ á rí i. Ọkùnrin tó ń wá iṣẹ́, ojú ń ti í tẹ́lẹ̀ pé òun ń gba nǹkan lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, má wá dá kún un.

Tìẹ náà kù o. Mo rí Facebook 2.1GB níbẹ̀, o sáré kọjá a 😀 Èmi náà ti wà níbẹ̀ rí. Àwọn fídíò kéékèèké wọ̀nyẹn, ọ̀kan á tẹ̀lé ọ̀kan, wọn ò ní bi ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ Settings Facebook, wá ibi Media, sọ fún un kó má dédé bẹ̀rẹ̀ fídíò fúnra ẹ̀. Ìyẹn á dín ti ojú ìwé ilé kù, ṣùgbọ́n tó o bá ti wọ Reels lọ, ọwọ́ ẹ ló kù sí.

Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Manchester, fídíò kọ́ọ̀lù la máa ń ṣe lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí mo wò ó mo rí i pé wákàtí kan ìpè yẹn ju dátà tí mo fi ń ṣòwò lọ́jọ́ méjì lọ. Báyìí a máa rí ojú ara wa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n rí i pé kò rù, kóun náà rí mi, lẹ́yìn náà a pa fídíò, ohùn nìkan là ń fi sọ ìyókù. Mo tún tan Use less data for calls nínú WhatsApp, ní Storage and data.

Bọ̀dá Fóònù Ìwó Road

Màmá ti sọ gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún ti WhatsApp torí oníṣòwò lẹ jẹ́. Inú Storage and data yẹn náà ni Media auto-download wà. Ẹ wọ When using mobile data, ẹ yọ àmì kúrò nínú gbogbo ẹ̀, fọ́tò, ohùn, fídíò, dọ́kúmẹ́ǹtì. Ẹ̀rù má bà yín, mẹ́sẹ́èjì kọ́sítọ́mà á ṣì máa wọlé, ohùn tí wọ́n bá fi WhatsApp gbà sílẹ̀ náà á ṣì máa wọlé, fọ́tò sítáì nìkan lẹ máa fọwọ́ tẹ̀ kó tó ṣí. Gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì, gúrúùpù ẹgbẹ́ télọ̀, gúrúùpù àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde ilé ìwé, ẹni kan á jí láàárọ̀ á ju fídíò àdúrà 16MB síbẹ̀, ẹni kejì á tún ju fídíò kan náà síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ̀ ń sanwó ọkọ̀ fún gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ fọ́tò aṣọ lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ má tẹ HD àfi tí kọ́sítọ́mà bá fẹ́ wo ẹnu abẹ́rẹ́. Ẹ tún wo Chat backup, ẹ má jẹ́ kó máa lo dátà fóònù, ẹ sì yọ fídíò kúrò nínú ẹ̀.

Ti Play Store: ẹ tẹ àwòrán ara yín lókè, Settings, Network preferences, Auto-update apps, ẹ fi sí Wi-Fi nìkan tàbí kẹ́ ẹ ní kó má ṣe é rárá. Fídíò corset yín, tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa wò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá kọ́wọ́ tó mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá rí Download lábẹ́ ẹ̀ ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa wò ó láìlo dátà.

Ọ̀kan tún wà tó ń jẹ́ Data Saver, ó ti wà nínú Android láti ẹ̀yà 7. Tẹ́ ẹ bá tàn án, áàpù tẹ́ ẹ ò ṣí sílẹ̀ ò ní lè máa fa dátà lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n ẹ fún WhatsApp láyè, Unrestricted data ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí kọ́sítọ́mà má baà máa pè yín pé òun ti fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ láti àná. Nǹkan kan tún wà nípa Data Saver o: lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, tó bá ti ń tàn, hotspot ò ní tàn 😄 Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ lò ó fún nǹkan kan o. Mo kàn ń ṣàlàyé.

Elẹ́mu Ọmọ Olóko

Ha! Bọ̀dá Fóònù, ẹ ti fún mi ní nǹkan tí mo máa sọ fún àwọn ọmọ ládùúgbò: "ẹ wò ó, ó kọ̀." Fóònù ló kọ̀, kì í ṣe èmi.

Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn tèmi. Mi ò gbé hotspot fún ẹnì kankan, àpò agbádá ni fóònù wà. 1.1GB lọ. Ṣàlàyé ìyẹn.

Bọ̀dá Fóònù Ìwó Road

Dátà ń tàn nígbà tó wà lápò?

Elẹ́mu Ọmọ Olóko

Ó ń tàn, kí ni mo rà á fún?

Bọ̀dá Fóònù Ìwó Road

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń wà nínú gúrúùpù ẹbí tó ṣòkú yẹn àbí ẹ ò sí níbẹ̀? Àwọn tó ń ya fídíò, bí wọ́n ṣe ń yà á ni wọ́n ń jù ú sí gúrúùpù. Ẹ jókòó sóde ìsìnkú, fóònù yín náà ń gba òde ìsìnkú yẹn wọlé lápò, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ lọ òde kan ṣoṣo. Ẹ lọ wo Gallery yín.

Tí kò bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí: lálẹ́ òní ẹ pa dátà pátá, ẹ tẹ *323#, ẹ kọ iye tó kù sínú ìwé. Tílẹ̀ bá mọ́, kẹ́ ẹ tó tan dátà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. *323# yẹn kan náà ni lórí gbogbo netiwọ́ọ̀kì báyìí. Tó bá dín kù nígbà tí dátà wà ní pípa, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ yá dátà tí wọ́n yọ padà, tàbí bóyá dátà òru ló parí lákòókò ẹ̀. Tí kò bá sí ìkankan nínú ẹ̀, a jẹ́ pé ẹ lẹ́jọ́ nìyẹn, ẹ pe 300 kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, bí wọn ò bá dáhùn kẹ́ ẹ pe NCC lórí 622. Mi ò sọ pé wọn kì í ṣàṣìṣe o, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ ní ìwé lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹni tó bá lọ bá wọn pé dátà òun kàn ṣàdédé tán, wọ́n á ní "ẹ lò ó ni," ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá Fèyí Télọ̀

Mo ti padà dé o. Ẹ ṣeun gan-an, Màmá Ìtòkú, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo ṣe é bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi, mo gbé iyán lọ fún un, mo ní Akọ̀wé mi, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Nígbà tó rí 4.7GB ó ní ah ìyàwó wa, èmi kọ́! Ó ṣí láptọ́ọ̀pù, a jọ wọ Data usage, System ló wà lókè, 3.2GB, OneDrive ló tẹ̀lé e, Chrome tó fi ń wo ímeèlì ò tiẹ̀ tó 400MB. Ojú tì í débi tí ò lè parí iyán. Ó tan Metered yẹn níṣojú mi, ó dá update dúró, ó ní tóun bá dé sáíbà lọ́jọ́ Sátidé òun á jẹ́ kó ṣe gbogbo ẹ̀ níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kejì ó fi 2GB ránṣẹ́ sí mi, mo bi í níbo lo ti rówó, ó ní kí n ṣáà gbà á.

Èyí tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí, mo tẹ *323#, 7.1GB ló kù. Hotspot jẹ 300MB. WhatsApp ti wálẹ̀ dáadáa, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé gúrúùpù ẹgbẹ́ wa ń da nǹkan sí mi lórí tó bẹ́ẹ̀. Facebook ṣì jẹ 1.4GB. Ìyẹn tèmi ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ẹnì kankan. Ọkọ mi ti rí i, ó ní ṣé kì í ṣe òun ló sọ ọ́ pé TikTok ni, mo ní Facebook ni, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Kọ́pà Ṣakí

Àǹtí, ẹ bá mi kí Akọ̀wé. Kó sì wo inú Spam ímeèlì ẹ̀ náà, ibẹ̀ ni tèmi tí wọ́n fi pè mí síṣẹ́ wà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Elẹ́mu Ọmọ Olóko

Mo ti wo Gallery. Fídíò mọ́kàndínlógójì. Méjì nínú ẹ̀, èmi ni mo wà níbẹ̀, tí mò ń jẹ àmàlà.